Matplotlib, ggplot2, Altair, D3 àbí ParaView: èwo ni kí olùwádìí fi ya àwòrán dátà rẹ̀?

Ẹ̀rí ni àwòrán inú pépà ìwádìí. Ọ̀pọ̀ olùkàwé ni kì í ráyè ka pépà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á wo àwòrán kìíní àti ìkejì, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti pinnu bóyá àwọn gba ohun tí ẹ sọ gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ ẹni tó bá bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí òun mú pé kó má kọ́kọ́ wo èyí tí àwòrán rẹ̀ rẹwà jù. Kó wo èyí tó lè fi tún àwòrán náà yà láìlo àkókò púpọ̀, ní oṣù mẹ́fà sí i, nígbà tí olùyẹ̀wò tó ń bá jọ́nà ka pépà bá ní kó yọ apá kan dátà kúrò, kó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Irinṣẹ́ márùn-ún ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Matplotlib, ggplot2, Altair pẹ̀lú Vega-Lite tó wà nídìí rẹ̀, D3, àti ParaView. Màá yà díẹ̀ sọ́dọ̀ Blender nítorí àwọn tó ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, kóòdù wọn sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Àkókò ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, iye tí kálukú wọn ń gbà sì yàtọ̀ síra gan-an.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè tó ṣáájú ni ìrísí dátà yín. Dátà kan wà tó jẹ́ àtẹ: ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ènìyàn kan, ìdánwò kan tàbí ọjọ́ kan, òpó kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ohun tí a wọ̀n lára rẹ̀. Òmíràn ní ibùjókòó tirẹ̀ nínú àyè: àwòrán CT ti inú ara, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn yí ìyẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ká, bí ooru òkun ṣe ń yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irú kejì yìí kò fún yín láyè láti yan ibi tí ẹ ó gbé àmì sí. Ibi tó wà ní ti gidi ni yóò wà lójú àwòrán. Ìyàtọ̀ náà lágbára débi pé ó pín àwọn olùwádìí níyà. IEEE Visualization, ìpàdé ọdọọdún àwọn tó ń ṣèwádìí lórí àwòrán dátà, bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà aláìníbùjókòó dá ìpàdé tiwọn, InfoVis, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1995, ó sì di 2021 kí wọ́n tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di VIS kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí àwòrán yóò gbé. Ṣé ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí kò lè yí padà ni, àbí ojú bíráúsà níbi tí olùkàwé ti lè tẹ àmì kan, kó fà á, kó sún mọ́ ọn? Ẹ tún wo bí dátà ṣe pọ̀ tó, torí irinṣẹ́ tó ń sáré geere pẹ̀lú àmì 2,000 lè dákú pátápátá nígbà tó bá rí 2,000,000. Ẹ wo àtúnyà pẹ̀lú: ṣé kóòdù tí ẹ kọ lónìí á ṣì ya àwòrán kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta?

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí ni ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe nígbà tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún un: àwọ̀ tó yàn fúnra rẹ̀, ìtóbi lẹ́tà, ibi tí ìwọ̀n òòró ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán tó ń jáde nínú jọ́nà ló wà bí irinṣẹ́ ṣe gbé e kalẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹni tó yà á ò fọwọ́ kan ohunkóhun. Nítorí náà, ìwà àbínibí irinṣẹ́ wà lára ohun tí mo fi ń dá a lẹ́jọ́.

Ohun kan wà ṣá tí irinṣẹ́ kankan ò ní bá yín ṣe. Ní 1984, William Cleveland àti Robert McGill to àwọn ọ̀nà tí a ń gbà fi iye hàn léra wọn, wọ́n sì fi ìdánwò ti apá kan rẹ̀ lẹ́yìn. Ojú ènìyàn máa ń fi iye wéra dáadáa jù nígbà tí àwọn àmì bá wà lórí ìwọ̀n kan náà. Gígùn tẹ̀ lé e, igun pẹ̀lú. Ìtóbi ojú àyè rẹlẹ̀ sí i, àwọ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbé fún àwọ̀ ní ẹrù tó yẹ kí ipò gbé, irinṣẹ́ yòówù kó lò, olùkàwé á kà á sódì.

Matplotlib

John Hunter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, onímọ̀ nípa ọpọlọ tó ń wá bí òun ṣe máa wo ìgbì iná mànàmáná inú ọpọlọ àwọn tó ní wárápá. Ohun tó máa ṣe bíi MATLAB, sọ́fítíwíà ìṣirò tí wọ́n ń tà, nínú èdè kóòdù Python ló fẹ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2003. Hunter kú ní 2012, ṣùgbọ́n àwọn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó dúró, títí tó fi di pé ibi tí Python bá wọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Matplotlib ló máa ń tẹ̀ lé e wọlé.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ọwọ́ yín ò lè dé. Gígùn àwọn ilà kéékèèké orí ìwọ̀n, àyè tó wà láàárín àwòrán méjì, ọfà tó ń tọ́ka sí àmì kan ṣoṣo: gbogbo rẹ̀ lẹ lè yí. Ìdààmú ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ló wà tí a ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lè kọ plt.plot, kí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa rò ó pé àwòrán wo lẹ ń bá wí. Ẹ sì lè dárúkọ àwòrán náà gan-an, kí ẹ kọ ax.plot. Ẹni tó ń ṣa kóòdù jọ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì á po méjèèjì pọ̀, á wá máa ṣe kàyéfì pé báwo ni àkọlé ṣe bọ́ sórí àwòrán tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ mú ax láti ọjọ́ kìíní, ẹ má sì wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ rẹ̀ tó ohun tó yẹ ká dúró lé lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, jet ni Matplotlib ń fi kun dátà tí ẹ ò bá yan àwọ̀: àwọ̀ òṣùmàrè láti búlúù dé pupa. Ó ń dán, ó ń fa ojú mọ́ra, ó sì ń parọ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í gòkè déédéé bí iye ṣe ń gòkè. Ó máa ń ràn yòò láàárín, á tún ṣókùnkùn ní ìparí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yí padà lójijì ni ojú ti máa ń rí ààlà, bẹ́ẹ̀ dátà fúnra rẹ̀ ò ní ààlà kankan níbẹ̀. Ọkùnrin bí 8 nínú 100 láàárín àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá ni ojú wọn ò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa, apá kan jet sì di ọ̀kan náà fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ní 2011, Michelle Borkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ibi tí ewu wà nínú iṣan náà ni wọ́n ní kí wọ́n wá. Nígbà tí wọ́n yọ àwọ̀ òṣùmàrè kúrò tí wọ́n fi àwọ̀ tó ń yí padà létòlétò rọ́pò rẹ̀, àṣìṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dín kù gan-an.

Nínú ẹ̀dà 2.0, tó jáde ní 2017, Matplotlib jáwọ́ nínú jet, ó gba viridis tí Stéfan van der Walt àti Nathaniel Smith ṣe. Láti elésè àlùkò tó dúdú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú àwọ̀ ewé kọjá dé yẹ́lò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà láti òpin kan dé èkejì. Ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ dúdú tẹ̀ ẹ́, á ṣì ṣeé kà. Tí ẹ bá rí jet nínú pépà tuntun, ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un padà wá.

Nǹkan méjì wà tí ẹni tó fẹ́ fi pépà ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Matplotlib. Àkọ́kọ́, tí ẹ bá tọ́jú àwòrán bíi PDF, irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Type 3 ló máa kó sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba pépà ni kì í sì í gba Type 3. Ẹ yí pdf.fonttype sí 42 kí ẹ tó ya ohunkóhun. Èkejì, PDF máa ń to àmì kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àwòrán tó ní àmì 500,000 á wúwo débi tí kọ̀ǹpútà olùyẹ̀wò á fi máa mí gúle-gúle nígbàkúùgbà tó bá ṣí ojú ewé náà. Ẹ fi rasterized=True sí àwọn àmì yẹn nìkan. Wọ́n á di píkísẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké bíi ti fọ́tò, lẹ́tà àti ìlà ìwọ̀n á sì wà bí wọ́n ṣe wà, tí yóò mọ́ rekete bó ti wù kí a sún mọ́ ọn tó.

ggplot2

Hadley Wickham gbé e jáde ní 2007 fún àwọn tó ń lo R, èdè kóòdù tí wọ́n ṣe fún ìṣirò dátà. Èrò tó wà nínú rẹ̀ ti wá láti ọ̀dọ̀ Leland Wilkinson, tó kọ ìwé lórí gírámà àwòrán dátà ní 1999: pé gíráàfù kan kì í ṣe ẹ̀yà tó dá dúró tí a ń mú láti orí àtẹ, bíi "olópòó" tàbí "aláàmì", pé àpapọ̀ ohun kéékèèké ni. Dátà wà, ìsopọ̀ òpó dátà mọ́ ipò tàbí àwọ̀ wà, ìrísí wà, ìwọ̀n wà. Ẹ ó so wọ́n pọ̀ bí ẹ ṣe ń hun gbólóhùn.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ká ní àtẹ yín ń jẹ́ d, tó ní òpó ojo, ikore àti agbegbe. Ẹ ó kọ ggplot(d, aes(ojo, ikore)) + geom_point(), àmì á jáde. Ẹ fi + facet_wrap(~agbegbe) kún un, àwòrán kan á pín sí kéékèèké, ọ̀kan fún agbègbè kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn lórí ìwọ̀n kan náà. Iṣẹ́ tó máa gba ìlà kóòdù bíi mẹ́wàá níbòmíràn ti parí nínú ìdajì ìlà. Fún mi, facet_wrap nìkan tó ìdí láti kọ́ ggplot2, nítorí àwòrán kéékèèké tó jọra lórí ìwọ̀n kan náà ni ọ̀nà tó mọ́ jù láti fi ọ̀wọ́ wé ọ̀wọ́.

Àléébù rẹ̀ méjì ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Ó fẹ́ kí dátà wà ní ọ̀nà kan pàtó: ohun kan tí a wọ̀n nínú òpó kan, ìgbà kan tí a wọ̀n ọ́n nínú ìlà kan. Tí àtẹ yín bá fẹ̀ bí ẹni, tí ọdún kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ tún un tò. Èkejì ni àwọ̀ tó ń yàn fún ọ̀wọ́ tí ẹ ò bá yan fúnra yín. Ó pín àyíká àwọ̀ lọ́gbọọgba, ó sì fún gbogbo wọn ní ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ó dára lójú kọ̀ǹpútà. Lórí ìwé tí wọ́n fi dúdú tẹ̀, gbogbo ọ̀wọ́ á di eérú kan náà, kò ní sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ A tàbí B. Àwọ̀ viridis ti wà nínú rẹ̀ láti 2018; ẹ pè é, tàbí kí ẹ fi ìrísí àmì ti àwọ̀ lẹ́yìn.

Altair àti Vega-Lite

Gírámà yìí kan náà ni Vega-Lite gbé wọ inú bíráúsà, ó wá fi ohun kan kún un tí ggplot2 ò ní: ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú olùkàwé. Arvind Satyanarayan, Dominik Moritz, Kanit Wongsuphasawat àti Jeffrey Heer ló gbé e kalẹ̀ nínú pépà InfoVis kan ní 2016. Altair ni ọ̀nà tí ẹni tó ń lo Python ń gbà kọ ọ́. Jake VanderPlas àti Brian Granger ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ lè sọ nínú ìlà díẹ̀ pé tí olùkàwé bá fa àpótí yí àwọn àmì kan ká nínú àwòrán ọwọ́ òsì, kí àwòrán ọwọ́ ọ̀tún ka kìkì àwọn yẹn. Fún ìgbà tí ẹ ṣì ń wá ohun tó wà nínú dátà, tí ẹ ò tíì mọ ohun tí pépà máa sọ, mi ò rí èyí tó yára tó o.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé dátà ńlá fún Altair máa pàdé ògiri kan: tó bá ti ju ìlà 5,000 lọ, á kọ̀, á gbé MaxRowsError jáde. Ó nídìí. Dátà gan-an ló máa ń kó sínú àpèjúwe àwòrán, tí ìwé iṣẹ́ yín á fi wú bí búrẹ́dì. Ọ̀nà wà láti ṣí ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n ohun tó tọ̀nà jù ni kí ẹ ka dátà náà pọ̀ nínú Python kí ẹ tó gbé e fún un.

Tí ìwádìí yín bá jẹ́ lórí ìṣàfihàn dátà fúnra rẹ̀, àǹfààní kan wà níbí tí kò sí níbòmíràn. JSON lásán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a tò létòlétò sínú fáìlì, ni àwòrán Vega-Lite, nítorí náà kọ̀ǹpútà lè kà á, kó ṣe é, kó sì dá a lẹ́jọ́. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni Draco dúró sí ní 2018, ètò tó kọ ìmọ̀ nípa àwòrán tó dára sílẹ̀ bí òfin, tó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi òfin yẹn yan àwòrán tó yẹ dátà.

Ibi tó mọ ni pé ohun tí gírámà rẹ̀ ò mọ̀, ẹ ò lè sọ ọ́. Ẹni tó ń dá irú àwòrán tuntun sílẹ̀ á tètè dé ìpẹ̀kun rẹ̀.

D3

Mike Bostock, Vadim Ogievetsky àti Jeffrey Heer ló ṣe é ní yunifásítì Stanford, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011 lẹ́yìn Protovis, irinṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi oṣù ṣòfò: D3 kò ní gíráàfù kankan nínú. Kò sí àṣẹ tí ẹ máa pa tí gíráàfù olópòó á fi jáde. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń so dátà mọ́ àwọn nǹkan inú ojú ìwé ayélujára. Ẹ gbé nọ́ńbà 50 fún un, ẹ kọ .data(d).join("circle"), á rí i dájú pé róbótó 50 wà lójú ìwé, ọ̀kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà bá kù 40, á yọ mẹ́wàá kúrò. Ibi tí róbótó kọ̀ọ̀kan máa wà, bó ṣe máa tóbi tó, ìlà ìwọ̀n tó máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́.

Agbára rẹ̀ nìyẹn, iye rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ JavaScript, èdè kóòdù inú bíráúsà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ SVG, tí a fi ń ya àwòrán lójú ìwé ayélujára, ẹ gbọ́dọ̀ mọ CSS díẹ̀, tó ń sọ bí nǹkan ṣe máa rí níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó má retí àwòrán tó ṣeé fi hàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ara, kò sí irú àwòrán tí orí yín lè rò tí ọwọ́ yín ò ní lè yà, èyí ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tuntun tí àwọn olùwádìí ń gbé wá sí VIS fi jẹ́ pé D3 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é.

Bí dátà bá ṣe ń pọ̀, ọ̀nà á máa yí padà. SVG ń tọ́jú àmì kọ̀ọ̀kan bí nǹkan tó dá wà, tí ẹ lè tẹ̀, tí ẹ lè bi léèrè. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mélòó kan, bíráúsà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ lè kó lọ sórí Canvas, pátákó ìyàwòrán inú bíráúsà, tó máa gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí i, ṣùgbọ́n píkísẹ́lì lásán ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò pé àmì wo ni olùkàwé tẹ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, WebGL, tó ń fi káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà yà á, ló kù, iṣẹ́ sì ti kúrò ní kékeré.

Ní ti àtúnyà, ọ̀rọ̀ D3 ní ojú méjì. Ojú ìwé SVG tí a ṣe ní 2011 ṣì ń ṣí nínú bíráúsà òní, èyí tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ò lè fi yangàn. Kóòdù ló ń gbọgbẹ́. Nígbà tí ẹ̀dà 4 jáde ní 2016, orúkọ yí padà káàkiri, d3.scale.linear di d3.scaleLinear, àìmọye àpẹẹrẹ àtijọ́ tó wà káàkiri ò sì ṣiṣẹ́ mọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun. Ẹ tọ́jú fáìlì D3 tí ẹ lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yín, nínú àpò kan náà. Ojú ìwé tó ń lọ mú un níbòmíràn nígbàkúùgbà tó bá ṣí, ọjọ́ tí ibẹ̀ bá yí padà ni àwòrán náà á dòfìfo.

ParaView

Gbogbo àwọn tí mo ti sọ, àtẹ ni wọ́n mọ̀ jù. Tí dátà yín bá ní ibùjókòó nínú àyè, ẹ wá síbí. Los Alamos National Laboratory àti ilé iṣẹ́ Kitware ló bẹ̀rẹ̀ ParaView ní 2000, orí VTK ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìyẹn àkójọ kóòdù tí Will Schroeder, Ken Martin àti Bill Lorensen bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Lorensen yìí kan náà pẹ̀lú Harvey Cline ló gbé Marching Cubes, ọ̀nà tí a ń gbà fa ojú nǹkan yọ láti inú dátà inú àyè, jáde ní SIGGRAPH 1987, ìpàdé àwọn oníṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Marching Cubes ń ṣe, torí irú èrò yẹn ló wà lẹ́yìn ohun tí ẹ máa rí nígbà tí ẹ bá tẹ Contour nínú ParaView. Ẹ mú àwòrán CT orí ènìyàn. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, tí a tò bí àpótí kéékèèké lé ara wọn lórí. Nọ́ńbà tó ga ni egungun, èyí tó rẹlẹ̀ ni ẹran ara. Ẹ mú iye kan tó wà láàárín. Ọ̀nà náà á gba inú àpótí kọ̀ọ̀kan kọjá, á wo igun rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: èwo ló ju iye yẹn lọ, èwo ni kò tó o? Ọ̀nà 256 ni ìdáhùn lè gbà jáde, ṣùgbọ́n tí a bá ka àwọn tó jọra pọ̀, wọ́n dín sí 15. Fún kálukú wọn, a ti mọ onígun mẹ́ta tó yẹ ká gbé sínú àpótí náà. Nígbà tó bá fi máa jáde lápá kejì, agbárí odindi ti wà lójú kọ̀ǹpútà yín, tí ẹ lè yí, tí ẹ lè gé.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ParaView fún dátà ńlá ni pé dátà ò ní láti kúrò níbi tó wà. Ẹ lè ṣí pvserver, apá ParaView tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, lórí kọ̀ǹpútà àgbà níbi tí ìṣirò ti wáyé, kí iṣẹ́ pín sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, kó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Fún ẹni tí dátà rẹ̀ tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ lè gbé lọ, kò sí ohun tó tún kù láti rò.

Wàhálà rẹ̀ ni pé títẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ tẹ ibí, ẹ fa tọ̀hún, àwòrán tó wuyì jáde, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ ò rántí igun tí ẹ gbà wò ó. Fáìlì ipò tó ń tọ́jú máa ń kọ ọ̀nà dé ibi tí dátà wà sílẹ̀, tí ẹ bá gbé àpò náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, á máa wá ohun tí kò sí. Oògùn rẹ̀ wà nínú àkójọ Tools: Start Trace. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe á di kóòdù Python tí ẹ lè tún kà, tí ẹ lè tún fi pvpython ṣe láìṣí ojú ParaView rárá.

Ní ti àwọ̀, Cool to Warm ló fi ń kun dátà fún ọ̀pọ̀ ọdún, búlúù lápá kan, pupa lápá kejì, funfun láàárín. Iṣẹ́ Kenneth Moreland ni, ó sì dára ju òṣùmàrè lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ olójú méjì fẹ́ àárín tó ní ìtumọ̀: òdo, tàbí iye tó yẹ kí nǹkan wà. Tí ẹ bá fi kun ìyára afẹ́fẹ́, tí kò ní òdì kankan, olùkàwé á rò pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi tó funfun.

Ìkìlọ̀ kan, mo sì fi gbogbo ọkàn sọ ọ́: ẹ má gbé dátà orí àtẹ wọ inú àwòrán 3D, èyí tó ní iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí pé ó wuyì. Ohun tó wà níwájú á bo ohun tó wà lẹ́yìn, ohun tó jìnnà á kéré sí bó ṣe tó, ojú ò sì ní lè fi ọ̀pá kan wé èkejì. Ẹni tí dátà rẹ̀ wà nínú àyè ti gidi ni ọ̀ràn yìí wà fún.

Blender, fún àwọn oníṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà

Tí ìwádìí yín bá jẹ́ lórí ìrísí, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìṣípòpadà, àwòrán àkọ́kọ́ pépà yín á fẹ́ òjìji àti ìmọ́lẹ̀ tó dà bíi ti gidi. Blender, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D àti fíìmù, ń ṣe é, Python sì lè darí rẹ̀. Kìkì pé ẹ ṣọ́ ibì kan: kí ó tó gbé àwòrán jáde, ó máa ń yí àwọ̀ padà kí ó lè jọ ti kámẹ́rà, láti ẹ̀dà 4.0 ní 2023, AgX ló ń lò fún èyí. Viridis tí ẹ kùn mọ́ ara nǹkan ò ní bá èyí tó wà nínú àlàyé àwọ̀ yín mu mọ́. Ẹ yí View Transform sí Standard nígbàkúùgbà tí àwọ̀ bá ń dúró fún iye.

Ta ni kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ tísíìsì, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú Python, kó dúró sọ́dọ̀ Matplotlib, kó sì fi Altair kún un fún ìgbà tó ṣì ń tú dátà wò. Kò sídìí láti kó lọ sínú R nítorí àwòrán nìkan.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò lórí ọ̀wọ́ ènìyàn, àyẹ̀wò ìṣègùn, ìwádìí nípa àwùjọ tàbí ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko, ggplot2 ni. Ìgbà tí olùyẹ̀wò bá ní "ẹ pín in sí ọkùnrin àti obìnrin", ọ̀rọ̀ ìlà kan ni.

D3 wà fún ẹni tí àwòrán gan-an jẹ́ ìwádìí rẹ̀, tàbí tó ń ṣe ojú ìwé tí àwọn ènìyàn máa fọwọ́ kàn fún ọdún púpọ̀. Tí ẹ bá wà ní ipò yìí, ẹ ya oṣù mélòó kan sọ́tọ̀ fún kíkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí yín ṣáájú. Tí ẹ bá rí i pé gíráàfù olópòó mẹ́rin péré lẹ fẹ́ ṣe, ẹ padà sọ́dọ̀ Vega-Lite.

Ẹni tó ń wo ìṣàn, ooru, ara ènìyàn tàbí ilẹ̀ ní abẹ́, ParaView ni, pẹ̀lú Start Trace tó ń ṣiṣẹ́ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Kó má sì dúró síbẹ̀ nìkan: kó fa iye jáde lójú ìlà kan tó gba inú dátà náà kọjá, kó tọ́jú rẹ̀ bíi CSV, fáìlì àtẹ lásán, kó fi Matplotlib yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ńlá náà. Àwòrán ńlá á fi ibi tí nǹkan wà han olùkàwé, ìlà kékeré yẹn á sì jẹ́ kó mọ iye tó jẹ́.